Ìbọn Tí Bàbá Àgbà Kò Sọ Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ìbọn tí kò ní igi ìdí, tí kò ní ìwé àṣẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn, yìn láàárín agbo ilé wa ní Kòtòbábì, ní Àkrà. Ó fọ́ ìkòkò ọbẹ̀ ẹyìn tí ìyá àgbà mi ti ń sè láti àárọ̀, ó ba agbádá funfun akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa jẹ́, ó sì dá ihò sí dúrọ́ọ̀mù omi onílé. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Gáná ti gba òmìnira tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ọdún yẹn ló wá kan Nàìjíríà, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ọmọ tí wọ́n bí sí Àkrà kò tíì fojú kàn án rí. Bàbá àgbà mi ló ni ìbọn náà. Wọ́n ti ṣèlérí fún gbogbo ọmọ ìlú wa tó wà ní Àkrà pé lọ́jọ́ tí ilé bá gba òmìnira, ìbọn yẹn yóò dún lẹ́ẹ̀kan. Ìlérí náà ló kó wàhálà bá wa, nítorí láti ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti gbé ìbọn náà wọ Àkrà, kò tíì dún rí.

Onílé wa ni Atáà Láátè, ọkùnrin Gà kan, ọmọ onílẹ̀ Àkrà, tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí, tí kò sì sí ohun tó lè yà á lẹ́nu mọ́. Yàrá mẹ́jọ ló yí àgbàlá ká. Mẹ́rin jẹ́ tiwa, mẹ́rin jẹ́ tirẹ̀. Ariwo la fi ń mọ aago. Ohùn alákẹ́ńkè tó ń polówó ẹ̀kọ Gáná lójú títì ni àkókò ìjí. Ìró ìgbálẹ̀ ìyá mi lórí iyẹ̀pẹ̀ ni àkókò tí kò gbọdọ̀ bá ọ lórí ẹní mọ́. Lẹ́yìn náà ni èmi yóò gbé garawa lọ sí ìdí pọ́ǹpù, ìrìn mẹ́fà kí dúrọ́ọ̀mù onílé tó kún, nítorí òun ló ni dúrọ́ọ̀mù, gbogbo wa la sì jọ ń bù níbẹ̀. Bí mo bá ti parí, màá jókòó nu gíláàsì àtùpà, nítorí àtùpà ni Bàbá àgbà ń tà, àtùpà àti òwú rẹ̀ àti àgádágodo. Yorùbá nìkan ni Bàbá àgbà máa ń gbà lẹ́nu wa nínú ilé. Bí a bá fi èdè Tuí tàbí Gà dá wọn lóhùn, wọ́n á ṣe bíi pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́, àfi bó bá jẹ́ oúnjẹ la pè wọ́n sí. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ ọbẹ̀ ẹyìn àti ọmọ túò, ìyẹn ìrẹsì tí a sè rọ̀, tí a wá fi ọwọ́ rọ roboto. Láti ìyálẹ̀ta ni gbogbo agbo ilé yóò ti máa rìn káàkiri ibi ààrò bí ẹni tó ń wá nǹkan mìíràn. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ẹyìn tó ń hó, etí mi ni mo kọ́kọ́ ń dì.

Ládùúgbò, Bàbá Alátùpà ni gbogbo ènìyàn ń pe Bàbá àgbà. Nínú ilé, Bàbá Ọdẹ ni, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fẹ́. Ìbọn ṣakabùlà náà wà lórí àjà yàrá wọn, nínú ẹní tí a fi okùn dì, ó sì gùn ju bàbá mi lọ. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tú ẹní náà. Òfin mìíràn tún wà, tó dà bíi pé ilé wa nìkan ló mọ̀ ọ́n: a kì í béèrè lọ́wọ́ ọdẹ bóyá nǹkan wà nínú ìbọn rẹ̀, ọdẹ kì í sì í sọ. Bó bá sọ pé ó kún, ẹran á gbọ́. Bó bá sọ pé ó ṣófo, ọ̀tá á gbọ́. Ọdẹ lè sọ fún ọdẹ, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ sí etí. Ní kékeré, mo rò pé gbogbo ayé ló ń pa òfin yìí mọ́, bí wọ́n ṣe ń pa ti ọwọ́ òsì mọ́ nídìí oúnjẹ. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹni tó bá ń tún ìbọn ṣe níbòmíràn, ohun tó kọ́kọ́ ń béèrè gan-an nìyẹn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tí gbogbo wa kàn ń pè ní Akọ̀wé, ìlẹ̀kẹ̀ ló ń tà. Ó kéré sí Bàbá àgbà lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ máa ń wáyé nínú àgbàlá wa nítorí pé ibẹ̀ ni ibòji wà, mo sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń jíròrò ohun tí ẹgbẹ́ máa ṣe fún òmìnira ilé. Ẹnìkan dábàá àdúrà. Ẹlòmíràn dábàá màlúù. Bàbá àgbà wúkọ́, wọ́n ní níbi tí àwọn ti wá, bí nǹkan ńlá bá dé, ìbọn ni a fi ń sọ fún ọ̀run. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ láti nù ún.

"Láti ọgbọ̀n ọdún tí a ti jọ wà níbí," ló wí fún ìpàdé, "ẹran kan ṣoṣo tí mo rí kí Bàbá Ọdẹ pa ni eṣinṣin inú tíì."

Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde dúró, ohun tí wọn kì í sábà ṣe nítorí orúnkún wọn, wọ́n sì ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ òmìnira ilé, màá yin ìbọn bàbá mi. Bí kò bá dún, kí ẹnikẹ́ni má pè mí lọ́dẹ mọ́." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ilà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi ń tọ́jú ilé ẹrù níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èbúté ní Tẹmá, kò sì sí ohun tí wọ́n bẹ̀rù tó nǹkan tí kò ní ìwé. Wọ́n ní a kò lè kàn yin ìbọn láàárín ìlú ẹlòmíràn báyìí. Wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì mú Sájẹ́ǹtì kan wálé, ọkùnrin gíga kan láti Àríwá Gáná, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hausa lòun àti Bàbá àgbà jọ ń sọ, bàbá mi á sì máa túmọ̀ fún Ìyá àgbà àti fún àwa tí a há sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n tú ẹní. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ìbọn náà nìyẹn, mo sì bínú, nítorí mo ti ń fi í dẹ́rù ba àwọn ọmọ Atáà Láátè láti ọjọ́ pípẹ́. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ tó fi kù bí búrẹ́dì tí eku jẹ kù. Irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ó pupa bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Apá irin kékeré tó yẹ kó gbá òkúta kí iná lè ṣẹ́ rọ̀ dẹẹrẹ bí apá ẹni tó ń tòògbé.

Sájẹ́ǹtì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Ìbọn ni mo ń fún ní ìwé. Èyí, irin ni." Bàbá mi bi í bí a ṣe máa mọ̀ bó bá ti di ìbọn. Ó ní a máa yìn ín lójú òun. Bàbá mi ní ǹjẹ́ a lè kọ́kọ́ yìn ín wò fúnra wa. Ó ní láìní ìwé kẹ̀, rárá o. Bàbá mi ní ṣé ìwé ló máa ṣáájú ni tàbí yíyìn. Sájẹ́ǹtì ronú sí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní kí a tún un ṣe kó kọ́kọ́ jọ ìbọn ná, kí a má ṣe gbé e jáde kúrò nínú ilé, òun máa padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ òmìnira. Bí ó bá ṣì jẹ́ irin lọ́jọ́ náà, kí Bàbá wá nǹkan mìíràn tí wọ́n máa fi pariwo.

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì gba gbogbo àgbàlá. Bàbá mi mú pákó òdúmù kan wá láti Tẹmá, igi tí a ń pè ní ìrókò nílé, Bàbá àgbà sì jókòó ti ìdí ìbọn tuntun náà fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n ń fi àdá gbẹ́ ẹ, wọ́n ń fi àfọ́kù ìgò há a, wọ́n ń gbé e sí èjìká, wọ́n ń fi ojú kan wo ewúrẹ́ onílé. Èmi ló ń fi háhá àgbọn àti yanrìn tí a rẹ sínú kẹrosín bó ara irin. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé ara rẹ̀ nìkan ni, ẹnu rẹ̀ kì í mu kẹrosín. Mo bó o títí àwòrán kékeré kan fi yọ lára rẹ̀, ewé mẹ́ta tó so pọ̀, Bàbá àgbà sì pe gbogbo agbo ilé wá wò ó. Atáà Láátè wò ó, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òmìnira tiwọn kò le tó báyìí. Wọ́n kàn sọ àsíá kan kalẹ̀ ni, wọ́n fa òmíràn sókè, ó sì ti parí. Ó ní bí ìbọn àwa Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, bá kọ̀, kí a sọ fún òun, òun máa yá wa ní ariwo díẹ̀ lára èyí tó ṣẹ́ kù fún wọn. Gbogbo àdúgbò ló ń fi wá ṣeré bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Àwa ọmọ kò mọ apá ibi tí a máa tò sí: a ti jó òmìnira Gáná lójú títì pẹ̀lú àsíá oníwèé lọ́wọ́, ilé-ìwé sì ti kọ́ wa pé tiwa ni. Àfi ìgbà tí wọ́n bá fi Bàbá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo máa ń rántí pé Anago ni mí.

Ohun tó kù ju agbára wa lọ, nítorí náà Bàbá àgbà ránṣẹ́ sí Màlámù Áúdù, alágbẹ̀dẹ Hausa kan láti Sóńgò, àdúgbò àwọn Hausa, tó ń rọ ọkọ́ àti ààrò eléèédú. Nítorí pé ìbọn kò gbọdọ̀ jáde, alágbẹ̀dẹ ló kó ẹwìrì rẹ̀ wá bá ìbọn. Ó fi okùn irin inú gíràmafóònù tó ti kú ṣe sípíríǹgì tuntun, apá irin tó ń tòògbé yẹn sì jí, ó ń gbá òkúta, iná ń ṣẹ́ pàrà. Nígbà tí kò tíì sí lára ọ̀pá ìbọn, Bàbá àgbà gbá a títí tí Ìyá àgbà fi ní bí iná bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wá bá òun dáná ọ̀la. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ní ìdí ọ̀pá ìbọn náà, níbi tí ẹ̀tù máa ń jókòó sí, irin kan wà tí wọ́n yí wọ inú rẹ̀ bí ọmọrí ìgò, láti fi dí i. Màlámù fẹ́ yọ ọ́, kó lè fọ inú ọ̀pá náà kó sì wò ó bóyá ó ti lu. Ó yí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi gbé gírísì wá láti Tẹmá, kò yí. Ó di ọjọ́ Àìkú, Sájẹ́ǹtì sì ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Màlámù ní ìdí ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ wọ iná díẹ̀, kí irin lè fẹ̀, kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Bí àgbàlá ṣe rí lọ́sàn-án yẹn nìyí. Màlámù to èédú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, nítorí yóò nílò omi. Ó tẹ́ ọ̀pá ìbọn lélẹ̀ gbọọrọ, ìdí rẹ̀ nínú èédú, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí apá kejì, níbi ààrò, níbi tí ìkòkò ọbẹ̀ ẹyìn ti ń hó. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n ń ro ó. Èmi ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Akọ̀wé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó sọ pé òun wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n àga tó gbé, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ló gbé e sí. Agbádá funfun tó fi ròde ìkómọ ló ṣì wọ̀, Ìyá àgbà sì ti bu ọbẹ̀ díẹ̀ fún un nínú àwo kó tọ́ ọ wò. Bàbá àgbà dúró ti Màlámù, ọwọ́ wọn lẹ́yìn.

Màlámù di ẹwìrì rẹ̀ mú, kò sì fẹ́ ẹ. Ó gbójú sókè. "Bàbá, ṣé nǹkan kan wà nínú rẹ̀?"

Bàbá àgbà ní, "Ìbọn ọdẹ ni."

"Mo mọ̀ pé ti ọdẹ ni. Mo ní, ṣé ó ṣófo?"

"Èmi ò bi ọ́ ní ohun tó wà nínú àpò rẹ."

Bó bá jẹ́ pé àwọn méjì nìkan ni, mo rò pé ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Bàbá àgbà ì bá ti rí ọgbọ́n kan dá, bóyá wọn ì bá pe Màlámù sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé gbé àwo ọbẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ dá ọmọ ènìyàn lóhùn, Bàbá Ọdẹ. Àbí ẹ̀yin gan-an ò mọ̀?" Bàbá àgbà wo Akọ̀wé. Wọ́n wo èédú. Ọdẹ tó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lójú ẹni tó ní kì í ṣe ọdẹ, ti fi ẹnu ara rẹ̀ tú oyè sílẹ̀.

"Finá sí i," ni wọ́n wí.

Mo bi Màlámù Áúdù léèrè ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nígbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Kò tíì dẹ́kun kíkàn án lára. "Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì," ló sọ fún mi. "Bàbá yín ní kí n finá sí i. Ẹni tó bá mọ̀ pé ó kún, ṣé ó máa ní kí n finá sí i? Ọgbọ́n tí mo fi ṣiṣẹ́ nìyẹn, ọgbọ́n náà kò sì burú. Ilé tí mo ti lò ó ni kò dáa."

Ẹwìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ìyá àgbà gbé síbí ọbẹ̀ lélẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì fà mí lọ sẹ́yìn ògiri balùwẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Màámá, ìrẹsì ńkọ́?" Wọ́n ní kí n panu mọ́. Balùwẹ̀ náà kò ní òrùlé, Atáà Láátè ló wà nínú rẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń kọrin, mo ń gbọ́ ẹwìrì, mo ń gbọ́ bí Akọ̀wé ṣe ń lá síbí. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìró náà ti gba gbogbo etí.

Nígbà tí a yọjú, èéfín funfun ti bo àgbàlá. Ìkòkò ti pín sí mẹ́rin. Ọbẹ̀ ẹyìn wà lára ògiri, ó wà lára igi ọ̀pẹ, ó wà lára Akọ̀wé láti fìlà dé bàtà, ẹni tó ṣì jókòó lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú síbí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ là kedere bí ojú ẹja. Ọ̀pá ìbọn ti fò sẹ́yìn, ó gba inú èédú kọjá, ó sì wọ inú dúrọ́ọ̀mù. Omi tí mo fi ìrìn mẹ́fà pọn ń tú sórí èédú, ó ń hó ṣìììì. Màlámù, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, di ẹwìrì mọ́yà bí ọmọ. Bàbá àgbà nìkan ni kò kúrò níbi tí wọ́n wà, ọwọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Atáà Láátè jáde pẹ̀lú aṣọ ìnura nídìí àti ọṣẹ lójú. Ó wo èéfín, ó wo Akọ̀wé, ó sì béèrè ní pẹ̀lẹ́tù bóyá òní ni òmìnira wa. Ó rò pé a ti yí ọjọ́ padà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun.

Ìyá àgbà kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn ìdí tí wọ́n fi fà mí lọ. Wọ́n sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ti bímọ tèmi. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò gbé ìkòkò náà, àbí kí ló dé tí wọn kò ké sí Akọ̀wé. Wọ́n ní, "Ọmọ la kọ́kọ́ ń gbé. Ọbẹ̀ ló ṣì ń dùn mí. Akọ̀wé ní tiẹ̀, mo rò pé bí ìbọn bá fẹ́ dá a lóhùn, kí n má dá sí i."

Sájẹ́ǹtì kò dúró di ọjọ́ Ajé. Ó dé lórí kẹ̀kẹ́ kí èéfín tó lọ tán, ọlọ́pàá kékeré kan ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo dúrọ́ọ̀mù, ó yọ ìwé rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó yin ìbọn. Màlámù ní òun kọ́, iná ni. Ó béèrè ẹni tó fi nǹkan sínú rẹ̀. Akọ̀wé, tí ọbẹ̀ ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀, ní kí wọ́n bi ẹni tó nìbọn. Sájẹ́ǹtì wá kọjú sí Bàbá àgbà. Ó bi wọ́n ní Hausa, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bóyá wọ́n mọ̀ pé ìbọn náà kún nígbà tí wọ́n ní kí a finá sí i.

Mo jẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí Bàbá àgbà bá ní àwọn mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ti ìbọn tó kún bọ iná láàárín ènìyàn. Wọ́n máa lọ sí àgọ́, ìbọn náà á sì lọ títí láé. Bí wọ́n bá ní àwọn kò mọ̀, wọ́n máa sùn nílé, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ọmọ ìlú wa láti Àkrà dé Tẹmá máa gbọ́ pé ọdẹ kan wà ní Kòtòbábì tí kò mọ ohun tó wà nínú ìbọn ara rẹ̀. Akọ̀wé ti tẹ orí síwájú láti gbọ́. Bàbá mi ti la ẹnu láti túmọ̀.

"Bàbá mi ló yìn ín," ni Bàbá àgbà wí.

Sájẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó dúró. "Bàbá yín dà?"

"Wọ́n ti kú."

"Nígbà wo?"

"Ó ti tó ogún ọdún." Wọ́n tún ohùn ṣe. "Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara wọn kì í, lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ níbí. Láti ọjọ́ náà n kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Bí ó bá dún, ta ló yìn ín?"

Ìyá àgbà ló sún síwájú nígbà náà, wọ́n nu ọwọ́ wọn sára ìró. Wọ́n ní òótọ́ ni. Wọ́n ní ìyàwó ilé tuntun ni wọ́n, ojú fèrèsé ni wọ́n dúró sí tí wọ́n rí bàbá ọkọ wọn tó ń da ẹ̀tù sínú ìbọn, tó fi àkísà dí i, tó yọ́ òrí sí ẹnu rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀ pé ọmọ òun kò ní gbé ìbọn tí ebi ń pa rìnrìn àjò. Bàbá àgbà yíjú sí wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé, wọn kò mọ̀ pé ìyàwó wọn rí i. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí i. Ìyá àgbà ní, "Ẹ máa wò mí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó sọ ọ́ ni?" Nígbà tí mo bi wọ́n lẹ́yìn náà bóyá Bàbá àgbà mọ̀ pé ó lè dún, wọ́n ní, "Wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n rò pé ọjọ́ ti pa á ni. Ọkùnrin rò pé gbogbo ohun tí òun ò bá fọwọ́ kàn ló máa ń kú."

Sájẹ́ǹtì ní kí bàbá mi ṣàlàyé fún òun ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ èyí fún alágbẹ̀dẹ. Bàbá mi ṣàlàyé òfin ilé wa, ti ẹran tó máa gbọ́, ti ọ̀tá tó máa gbọ́, ti ọdẹ tó ń sọ fún ọdẹ létí. Ìtìjú mú wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹni ìwé. Sájẹ́ǹtì gbọ́ ọ dópin. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí dúrọ́ọ̀mù, ó fa ọ̀pá ìbọn yọ, ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ó di irin ìdí rẹ̀ mú, èyí tí Màlámù ti bá jà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì fi ìka méjì yí i jáde. Ó fi oòrùn wo inú ọ̀pá náà láti ìdí dé ẹnu. Ó ní kò lu. Ó ní ìbọn tí wọ́n ń nù lójoojúmọ́ lágọ̀ọ́ òun, òun kò lè fi dá ẹnikẹ́ni lójú pé yóò dún lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

Lẹ́yìn náà ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì sọ bí nǹkan ṣe máa lọ, bàbá mi ń túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ní ẹni tó yin ìbọn ti kú, òun kò sì mọ ibi tí òun ti máa lọ mú un. Ẹni tó ní kí a finá sí i máa ra ìkòkò tuntun, á sì lẹ dúrọ́ọ̀mù. Agbádá kò sí lára ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, nítorí kò sí òfin tó ní kí ènìyàn jókòó ti ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìbọn ni nǹkan yìí, kì í ṣe irin, nítorí náà yóò gba ìwé. Kí Màlámù fi ìdí rẹ̀ sí i, kó má sì tún mú un sún mọ́ iná. Ní àárọ̀ ọjọ́ òmìnira ilé wa, kí Bàbá gbé e wá sí pápá ẹ̀yìn àgọ́, kí ẹgbẹ́ tẹ̀ lé wọn, kí akọ̀wé wọn mú ìwé rẹ̀ dání. Ọlọ́pàá kan ló máa wọn ẹ̀tù, ìgbó ni ẹnu ìbọn máa kọjú sí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná nítòsí.

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Bàbá àgbà nìkan ló kọjú sí lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá, kí ẹ tó yìn ín, màá bi yín bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀. Òfin ni, ẹ sì máa dá mi lóhùn. Ọmọ ọdẹ lèmi náà. Màá bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, ẹ sọ ọ́ sí mi létí."